Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Kànga

Ìbéèrè kan wà tó jọ ìbéèrè olówó, àmọ́ tí kì í ṣe ti olówó nìkan. Bí ènìyàn bá fẹ́ wa ọkọ̀ oníná, ìyẹn ọkọ̀ tó ń fi bátìrì rìn tí kì í mu epo bẹntiróòlù rárá, láti Ògùdù níbí lọ sí Ìlọrin, níbo ló yẹ kó ti dúró ṣáàjì lójú ọ̀nà? Bí ibi méjì tàbí mẹ́ta bá wà, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó sàn jù? Àwọn tó ti ń wa irú ọkọ̀ yìí nílẹ̀ òkèèrè ní ìdáhùn kan tí wọ́n máa ń fún ara wọn: wo iye tí wọ́n ń ta yúnìtì kan, wo bí ṣájà náà ṣe yára tó, mú èyí tí kò gbówó lórí tí kò sì fi àkókò ẹ ṣòfò. Ó parí.

Lójú tiwa, kò tíì parí. Ohun tí ẹni tó ń ṣáàjì yóò rí gbà nìkan ni ìdáhùn yẹn ń wò. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ri ṣájà náà mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn méjèèjì ń san nínú owó náà, bí orúkọ wọn ò tilẹ̀ sí nínú rìsíìtì. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí a bá ń fi ibi ìṣáàjì kan wé òmíràn, òṣùwọ̀n wo ló tọ́ ká lò?

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kò ṣàjèjì sí wa lágbègbè yìí. Ẹni tó bá ti ra tòmátò ní Mile 12 mọ̀ pé kì í ṣe "èló ni?" nìkan là ń bi ọlọ́jà. Apẹ̀rẹ̀ méjì lè jẹ́ iye kan náà, kí orí ọ̀kan pupa dáadáa, kí ìdí rẹ̀ sì ti rà. Kóńgò méjì lè jọra, kó jẹ́ pé wọ́n ti lu ìdí ọ̀kan wọnú. Ẹni tó yan òṣùwọ̀n ti dá apá kan ẹjọ́ náà kí ìná-owó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí nígbà tí fóònù GSM dé ní 2001. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó ìpè. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ló lọ. Nígbà tí Glo dé ní 2003, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó, nígbà tó sì yá, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ohùn tó ń gba inú fóònù kọjá kò yí padà. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ló yí padà, ìyẹn nìkan sì tó láti sọ fún wa pé ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ kò tọ́. Nítorí náà, kí ìṣáàjì ọkọ̀ tó di nǹkan gbogbo ayé, ó yẹ ká ti máa bi ara wa léèrè irú kóńgò tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n fún wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lórí àtẹ.

Èyí tó lọ́ra jù ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé tí gbogbo wa mọ̀. Bíi kílówáàtì 2 sí 3 ni agbára rẹ̀. Kílówáàtì 1 tí a bá lò fún wákàtí kan ni yúnìtì kan tí à ń rà sórí mítà, nítorí náà bí bátìrì ọkọ̀ bá ń gba yúnìtì 60, yóò lò tó ọjọ́ kan, tọ̀sán-tòru, kó tó kún láti òfo. Lẹ́yìn èyí ni ṣájà ara ògiri, irú èyí tí wọ́n ń gbé sí ilé, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìtajà ńlá: kílówáàtì 7 sí 22. Ẹni tó bá sùn mọ́jú ní òtẹ́ẹ̀lì lè jí bá bátìrì tó ti kún. Ẹ̀kẹta ni ṣájà ayára, tó ń rọ iná tààrà sínú bátìrì: kílówáàtì 50, 60, 150, títí dé 350. Eléyìí ni ti ojú ọ̀nà, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ sùn sí Ṣágámù nítorí pé ó ń lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀kẹrin ni pípààrọ̀ bátìrì. Ní Kútọnu àti Lomé, àwọn ọlọ́kadà tó ń gun ọ̀kadà oníná Spiro kì í dúró ṣáàjì rárá. Wọ́n á yà síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á yọ èyí tó ti tán, wọ́n á ki èyí tó kún bọ̀ ọ́, wọ́n á sì bá tiwọn lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmọ́ bátìrì ọ̀kadà ṣeé fọwọ́ gbé. Ti mọ́tò kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ṣájà pàápàá kò dọ́gba. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ní ẹnu tirẹ̀, ti Ṣáínà ní tirẹ̀, ti Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀. Àwa tí à ń ra tòkúnbọ̀ láti ibi gbogbo lágbàáyé la máa bá gbogbo ẹnu wọ̀nyí pàdé lójú títì kan ṣoṣo.

Ẹ má sì rò pé àlá lásán ni. Ní 2021, ilé iṣẹ́ Stallion bẹ̀rẹ̀ sí í ta Hyundai Kona oníná ní Nàìjíríà, mílíọ̀nù 24 náírà, wọ́n sì ní ó lè rin 482 kìlómítà kí bátìrì rẹ̀ tó tán. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ NADDC, tó ń bójú tó iṣẹ́ ṣíṣe mọ́tò nílẹ̀ wa, ṣí ibùdó ìṣáàjì tó ń lo agbára oòrùn ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde ní 29 May 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ìṣirò ti yí padà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ bíi 127 kìlómítà. Ọkọ̀ oníná tí kò tóbi jù yóò lo bíi 20 yúnìtì lórí rẹ̀. Ní iye tí ìlà Band A ń ta yúnìtì kan ní 2024, bíi 210 náírà, ìyẹn ò ju 4,200 náírà lọ. Ọkọ̀ elépo tó bá mu lítà 10 lórí ọ̀nà kan náà yóò ná bíi 10,000 náírà ní iye tí epo dé l'Ékòó ní October 2024. Lóòótọ́, ẹni tó ri ṣájà ayára mọ́lẹ̀ kò ní tà á ní iye tó wà lórí mítà ilé. Ó gbọ́dọ̀ jèrè. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn yóò wá. Tí wọ́n bá sì wá, wọ́n á tò.

Ibi tí wọ́n ti ń tò yẹn ni ọ̀rọ̀ ìwà ti wọlé.

Ní ilé epo, ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ọkọ̀ kan. Ẹni tó ra lítà 10 àti ẹni tó ra lítà 50, ìyàtọ̀ àkókò tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Ti bátìrì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú nípa dánfó ní Ọjọ́ta. Àwọn èrò àkọ́kọ́ máa ń wọlé wéréwéré, wọ́n á jókòó síbi tó wù wọ́n. Nígbà tó bá ku ènìyàn méjì kó kún, kọ́ńdọ́ is á bẹ̀rẹ̀ sí í ní "ẹ súnmọ́ra, ẹ súnmọ́ra," ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan á ti fà. Bí bátìrì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ṣájà ayára lè gbé e láti ìdá 10 dé 80 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, ó wà lọ́wọ́ agbára ṣájà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 80, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dín iná tó ń gbà kù kí bátìrì má bàa bàjẹ́, ìdá 20 tó kẹ́yìn sì lè gba àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gbogbo èyí tó ṣáájú.

Nítorí náà, ẹ fojú inú wò ó. Ṣájà kan ṣoṣo ló wà níbì kan ní Ìbàdàn. Bàbá kan ti Èkó dé, ó ń lọ sí Ìlọrin. Bátìrì rẹ̀ ti dé 82. Ìyẹn tó gbé e dé Ìlọrin kó sì ṣẹ́kù dáadáa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó kún dé 100. Obìnrin kan dúró sẹ́yìn rẹ̀. Èkó lòun ń lọ ní tirẹ̀, bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ń retí wọn nílé ìwòsàn ní Ìkẹjà. Yúnìtì 15 péré ló kù kí tirẹ̀ tó láti débẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi, ara bàbá mi ò yá." Bàbá náà dáhùn pé, "Ìyá mi, ẹ má bínú, èmi ni mo kọ́kọ́ dé o."

Ta ló jàre?

Ẹ má yára dá bàbá náà lẹ́bi. Òfin "ẹni tó kọ́kọ́ dé" kì í ṣe òfin burúkú. Ìlà kì í béèrè oyè, kì í béèrè ìlú tí a bí ọ, kì í wo irú bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ. Ààbò ẹni tí kò lẹ́nìkan ni. Bí a bá sì fi àánú fọ́ ọ lónìí, ẹni tó ní agbára yóò gba ojú ibi tí àánú fọ́ náà wọlé lọ́la. Gbogbo wa ló máa ní bàbá tí ara rẹ̀ ò yá. Àwọn tó ń fi sàírìnì lé wa kúrò lójú títì, ṣebí iṣẹ́ pàtàkì ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn ń lọ ṣe? Nítorí náà, a ò sọ pé kí obìnrin náà gba iwájú nítorí pé ẹjọ́ rẹ̀ ń ṣeni láàánú.

Ohun tí a ń bi ni pé, kí gan-an ni bàbá náà ní nígbà tó kọ́kọ́ dé? Nínú agboolé àtijọ́, ẹni tó kọ́kọ́ dé ìdí kànga ló máa kọ́kọ́ fà. Yóò pọn omi tirẹ̀, ìkòkò rẹ̀ yóò kún, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Àmọ́ bí ó bá jókòó sídìí kànga tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ, tí àwọn yòókù gbé ìkòkò òfìfo dání, àwọn ìyálé ò ní dákẹ́. Wọn ò ní sọ pé kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n á sọ pé ìpín rẹ̀ ti tán. Ẹni tó kọ́kọ́ dé kànga ló ni ìpín àkọ́kọ́. Kò ni kànga. Ìpín sì ní ààlà. Níbi tí àwọn ẹlòmíràn bá ti ń dúró, ohun tí ìrìn àjò ẹni nílò ni ààlà rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọkàn ẹni fẹ́.

Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Láti ọjọ́ tí mọ́tò ti dé, "ẹ bá mi kún un" jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ẹni tó kún táǹkì rẹ̀ kí ó tó gba ọ̀nà jíjìn ń ṣe ohun tó yẹ, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀rọ̀ kan náà, láti ẹnu ènìyàn kan náà, pẹ̀lú ọkàn kan náà, ti wá di ohun tó ń jẹ àkókò ẹlòmíràn. Ìwà náà kò yí padà. Ẹ̀rọ tí a ń hù ú lórí rẹ̀ ló yí ìwúwo rẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí ènìyàn sọ pé "èmi ò ní ibi lọ́kàn." Ẹni tó bá wọ ibi tuntun gbọ́dọ̀ tún ìwà rẹ̀ wọ̀n, kó wò bóyá ohun tó jẹ́ ìwà rere níbi àná ṣì jẹ́ ìwà rere níbi tí ó wà lónìí.

Bẹ́ẹ̀ náà, kì í ṣe ojúkòkòrò ló mú bàbá náà ranjú mọ́ 100. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kò mọ̀ bóyá ṣájà tó wà níwájú ń ṣiṣẹ́. Àwa tí a ti rí ọ̀wọ́n epo lọ́pọ̀ ìgbà mọ irú ẹ̀rù yìí. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìdajì táǹkì tó fún yóò kún táǹkì, yóò tún gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wá, ọ̀wọ́n náà yóò sì tún le sí i. Ibi tí ènìyàn kò bá ti lè gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀la, kò ní fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹ́ kù sílẹ̀ lónìí. Nítorí náà, ibi ìṣáàjì tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí pátákó rẹ̀ kì í purọ́, ń ṣe ju títa iná lọ. Ó ń sọ àwọn tó wá síbẹ̀ di ènìyàn tó lè fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 pàṣẹ pé kí ẹ̀ka àwọn ṣájà ayára máa ṣiṣẹ́ ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ń ta yúnìtì kan síta gbangba, kí àwọn tuntun sì jẹ́ kí ènìyàn fi káàdì ìfowópamọ́ lásán sanwó. Àwọn kan lè rí i bí ọ̀rọ̀ ìdẹ̀rùn oníbàárà. Àwa rí i bí ọ̀rọ̀ ìwà. Ṣájà kílówáàtì 50 tó dájú sàn fún ìlú ju ti 150 tó ń ṣiṣẹ́ lónìí tó ń kú lọ́la, torí èyí tó ń kú yìí ń kọ́ gbogbo arìnrìn-àjò ní ìmọ-tara-ẹni-nìkan.

Àwọn kan á ní kí a fi owó yanjú rẹ̀. Kí ẹni tó ń kánjú san ìlọ́po méjì, kó gba iwájú. Kí ẹni tí kò kánjú dúró. Ṣé owó kọ́ ló ń yanjú gbogbo nǹkan l'Ékòó? Níbí, a ní láti ya owó méjì sọ́tọ̀. Láti ìparí 2016 ni ilé iṣẹ́ Tesla ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti kún tí kò sì gbé e kúrò nídìí ṣájà. A fara mọ́ irú owó yẹn. Ẹni tó ti pọn omi tán tó kọ̀ tí kò dìde ni wọ́n ń bá wí, kànga sì ń padà sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Àmọ́ owó tí ènìyàn san láti fo ìlà yàtọ̀. Ẹni tó ń gba owó náà kọ́ ló ń pàdánù àkókò. Oníṣájà ń ta ìṣẹ́jú àwọn ènìyàn mẹ́ta tó dúró sórí ìlà, kò sì bi wọ́n, kò sì fún wọn ní kọ́bọ̀. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti ọmọ ilé epo tó ń gba owó ẹ̀yìn kó tó rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe é, tó ní orúkọ dáadáa, owó ẹ̀yìn náà ni.

Ó ku ẹni kejì tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rìsíìtì: aládùúgbò.

Ògùdù jẹ́ ibi tí ènìyàn á ronú láti gbé ṣájà ayára sí. Ẹni tó bá ti orí afárá Third Mainland bọ̀, tó fẹ́ já sí Ọjọ́ta kó bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ wa ló máa gbà kọjá. GRA wà níbí pẹ̀lú ọgbà ńlá àti sólà lórí òrùlé. Orí-Òkè wà níbí pẹ̀lú ilé alájọgbé tí ìdílé mẹ́fà ń pín mítà kan. Ìbéèrè ni pé, níbo ni iná ṣájà náà yóò ti wá?

Ní April 2024, àjọ NERC gbé owó iná ìlà Band A sókè láti 68 náírà sí 225 náírà fún yúnìtì kan, kí wọ́n tó tún dín in kù díẹ̀. Ìlérí tó wà níbẹ̀ ni wákàtí 20 lójúmọ́. Band B, wákàtí 16, C, 12, D, 8, E, 4. Wáyà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò ni wọ́n fi pín in, nítorí náà òpópónà méjì tó fara kan ara wọn lè wà ní band ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí Band A ni oníṣájà yóò fẹ́ wà. Ta ló máa ra ṣájà ayára tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin?

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìwọ̀n ohun tó fẹ́ fà. Nígbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Èkó ní 1896, gbogbo agbára ẹ̀rọ tó ń pèsè rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 60. Ṣájà ayára kan ṣoṣo, tí kì í tilẹ̀ ṣe èyí tó lágbára jù, ń fún ọkọ̀ kan ní ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iná fún Èkó ìgbà náà. Tiransifọ́mà 500 tí à ń rí lẹ́nu òpópónà lè gbé bíi kílówáàtì 400. Ṣájà 60 kan ti mú ju ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ti 150 méjì sí i, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti lọ, ó ku kí àwọn ará àdúgbò máa bá fíríìjì wọn sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ń rìnrìn àjò kò ní rí èyí. Ó dúró fún ogójì ìṣẹ́jú, ó sanwó, ó lọ. Bó bá wo inú rìsíìtì, yóò rí i pé ibí yìí yára, kò sì wọ́n. Kò ní mọ̀ pé ẹnìkan san èyí tó kù pẹ̀lú òkùnkùn. Bí jẹ́nẹ́rétọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń gbé ṣájà náà, èéfín ni aládùúgbò fi ń san tirẹ̀. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

A ò sọ pé kí wọ́n má gbé ṣájà wá. Ọ̀nà wà. Ibi ìṣáàjì lè ní sólà àti bátìrì ńlá tirẹ̀, tí yóò máa fa iná díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àdúgbò bá sùn, tí yóò sì máa rọ̀ ọ́ kíákíá sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án. Ó lè ra tiransifọ́mà tirẹ̀ dípò kó rọ̀ mọ́ ti òpópónà. Owó rẹ̀ á ga sí i, yúnìtì rẹ̀ náà á sì wọ́n díẹ̀. Àmọ́ owó yẹn ni owó rẹ̀ gan-an. Èyí tó pọ́ọ́kú jẹ́ pọ́ọ́kú nítorí pé wọ́n ti gbé ìyókù ru ẹni tí kò ní ọkọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé: àròyé olówó nìyí, mélòó ni ọkọ̀ oníná tó wà l'Ógùdù? A gbà pé wọn ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ènìyàn kò tíì pọ̀ nídìí kànga ni ó rọrùn láti fi òfin lélẹ̀. Mélòó nínú wa ló ní GSM ní 2001? Síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ka owó ní ọdún yẹn ni gbogbo wa bá. Ẹ tún wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ní ọgbà tó ń ṣáàjì nílé ń san owó orí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iná rẹ̀. Òfin owó orí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún gbé ti ibi ìṣáàjì gbogbogbòò sí 20. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò ní ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí ló ń san owó tó ju ti ẹni tó ní lọ. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni jókòó tó ní kí a fìyà jẹ ayálégbé. Wọ́n kàn kọ òfin náà nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ronú nípa wọn ni. Tiwa náà lè rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó wà ní GRA yóò fi sólà ilé rẹ̀ ṣáàjì lọ́fẹ̀ẹ́, awakọ̀ tó ń gbé ilé alájọgbé ní Orí-Òkè, tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, ni yóò máa ra yúnìtì olówó ńlá lójú títì.

Ẹlòmíràn lè wí pé bí òfin bá pọ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbé owó rẹ̀ sórí iṣẹ́ yìí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Kò sí ṣájà, kò sí ìlà tí a ó máa jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n ní January 2012, nígbà tí iye epo gòkè láti 65 sí 141 náírà, tí àwọn ènìyàn kún ọgbà Gani Fawehinmi ní Ọjọ́ta fọ́fọ́, ìbéèrè tí wọ́n ń bi kì í ṣe bóyá ó yẹ kí oníṣòwò jèrè. Ohun tí wọ́n ń bi ni ẹni tí yóò ru ẹrù náà. Ìbéèrè yẹn kì í lé oníṣòwò gidi sá. Ẹni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ru ẹrù láìmọ̀ ló máa ń bínú sí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọkọ̀ oníná, tí ẹ ń fi ibi ìṣáàjì kan wé òmíràn, a dá a lábàá pé kí ẹ béèrè báyìí, kí ẹ sì béèrè é ní ìtò yìí. Ṣé ó dájú pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹnu rẹ̀ sì bá ọkọ̀ mi mu? Níbo ni iná rẹ̀ ti ń wá, ta ló sì wà nínú òkùnkùn nítorí rẹ̀? Ṣé ìlà rẹ̀ jẹ́ ìlà fún gbogbo ènìyàn, àbí wọ́n ń ta iwájú? Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá béèrè bó ṣe yára tó, àti èló ni yúnìtì kan.

Bí ẹ bá sì dé ibẹ̀, tí ọkọ̀ yín ti gba ohun tí yóò gbé yín débi tí ẹ ń lọ, tí ẹ sì rí ẹnìkan lẹ́yìn yín, ẹ yọ wáyà. Kò sí ọlọ́pàá tó máa fipá mú yín ṣe é. Ọ̀pọ̀ ṣájà kò tilẹ̀ ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin àti ẹni tó ń dúró náà nìkan lẹ máa wà níbẹ̀, iná kékeré ara ṣájà á sì máa ṣẹ́jú. Bí ó bá fẹ́ dúpẹ́ jù, ẹ sọ fún un pé ìpín tirẹ̀ ló kàn.